Àyẹ̀wò iṣẹ́ "a ó bá yín ṣe gbogbo rẹ̀": èló gan-an lẹ ó san kí òkè àjà tó di yàrá?

Ní England, àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń sọ òkè àjà di yàrá pọ̀ lọ súà, ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ wọn ń gbà tajà kò sì yàtọ̀ síra. Wọn á rán ẹnì kan wá lọ́fẹ̀ẹ́, onítọ̀hún á yọjú sókè àjà, á ya fọ́tò díẹ̀, kò sì ní pẹ́ tí ìwé iye owó á fi dé: àwòrán, ìṣirò ẹnjiníà, káfíńtà, oníná, púlọ́ńbà, gbogbo rẹ̀ lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ kan, ní iye kan ṣoṣo tí wọ́n ní kò ní yí padà. Irú iṣẹ́ yìí là ń yẹ̀ wò níbí, kì í ṣe ilé-iṣẹ́ kan pàtó.

Iṣẹ́ náà wúlò. Ó gba ẹni tí kò ráyè lọ́wọ́ wàhálà kí ó máa wá oníṣẹ́ márùn-ún kiri, kí ó sì máa làjà láàárín wọn. Ṣùgbọ́n iye tí wọ́n bá pè kí ẹnjiníà tó ṣírò irin ìdábùú tó máa gbé yàrá náà kì í ṣe iye owó, àbá lásán ni. Ilé-iṣẹ́ tó bá gbà kí ẹ san owó àwòrán àti ìṣirò lọ́tọ̀, kí wọ́n tó wá pe iye iṣẹ́ lórí ohun tí àwòrán náà sọ, la ó fún ní máàkì tó ga. Èyí tó bá fẹ́ kí ẹ buwọ́ lùwé kí àwòrán tó wà, ẹ rọra.

Ọjọ́ ìbẹ̀wò àkọ́kọ́ lẹ ti máa mọ irú ẹni tó wọlé. Ẹni tó mọ iṣẹ́ á mú téèpù àti tọ́ọ̀ṣì gòkè, á wọn láti orí igi àjà dé abẹ́ góńgó òrùlé. Mítà 2.2 ni ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ fi ń ṣe ààlà. Bí ó bá kéré sí i, ọ̀rọ̀ á di ti gbígbé òrùlé sókè tàbí rírẹ àjà yàrá ìsàlẹ̀ wálẹ̀, owó ìyẹn sì jìnnà. Ṣùgbọ́n gíga tí téèpù sọ kọ́ lẹ ó dúró sí. Ká ní ó jẹ́ mítà 2.4. Igi àjà àtijọ́, tí jíjìn rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 100, pílásítà ni wọ́n fi í gbé, wọn kò ro ti bẹ́ẹ̀dì àti ènìyàn mọ́ ọn. Nítorí náà igi ilẹ̀ tuntun, ká ní ti 195, ló máa wọ àárín wọn, wọn á sì gbé e kúrò lórí pílásítà ní mìlímítà 25, kó má baà fọ́ àjà ìsàlẹ̀ nígbà tó bá tẹ̀ díẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀. Orí igi tuntun á wà ní 220, ó fi 120 ga ju ti àtijọ́ lọ. Pátákó ilẹ̀ 22 tún máa gorí rẹ̀. Lókè, fóòmù 50 lábẹ́ igi òrùlé, pátákó pílásítà 12.5 àti pílásítà tí wọ́n fi kun ojú rẹ̀ máa jẹ bíi 65. Gbogbo rẹ̀ ń lọ sí 207. Mítà 2.4 ti di 2.19 nìyẹn, lábẹ́ góńgó nìkan, nítorí òrùlé ń dà sílẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. Ẹni tó bá ń sọ pé "ó ga dáadáa" láìṣe ìṣirò yìí lójú yín, ọjà ló ń tà.

Kí ẹni tó wá bẹ̀ yín wò wo bí wọ́n ṣe kan òrùlé náà pẹ̀lú. Nínú ilé àtijọ́, káfíńtà ló sábà máa ń gé igi òrùlé lójú iṣẹ́, àárín rẹ̀ á sì ṣófo. Láti bíi ọdún 1965 síwájú ni truss, ìyẹn férémù igi òrùlé tí wọ́n ti kàn wá láti ilé-iṣẹ́, ti gbòde, igi tín-ín-rín rẹ̀ rí bíi lẹ́tà W. Igi W yẹn ló gbé òrùlé dúró, a kò sì gbọ́dọ̀ gé e kí irin ìdábùú àti igi tuntun tó gba ẹrù rẹ̀. Ó ṣeé ṣe, wọ́n ń ṣe é dáadáa, àmọ́ irin rẹ̀ pọ̀, ọjọ́ rẹ̀ sì pọ̀. Ilé-iṣẹ́ tó bá ń pe iye kan náà fún òrùlé méjèèjì láti orí fóònù kò tíì wo ohunkóhun.

Àtẹ̀gùn ni ọ̀pọ̀ ìbẹ̀wò ọ̀fẹ́ ń fò dá. Òfin ilé kíkọ́ ní England kò fẹ́ kí àtẹ̀gùn inú ilé dà ju dígírì 42 lọ. Gíga ìtẹ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan kò gbọdọ̀ ju mìlímítà 220, fífẹ̀ rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ dín sí 220. Bí ilẹ̀ ìsàlẹ̀ sí ilẹ̀ òkè bá jẹ́ mítà 2.6, ìgòkè 13 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 200 ni, pẹ̀lú ìtẹ̀sẹ̀ 12 tí fífẹ̀ wọn jẹ́ 225. Ìyẹn mítà 2.7 gbọọrọ lórí ilẹ̀, yàtọ̀ sí ibi tí ènìyàn máa dúró sí lókè àti nísàlẹ̀. Orí kò sì gbọdọ̀ gbá: mítà 2 ni òfin fẹ́ lókè àtẹ̀gùn, àfi pé fún òkè àjà, ó gbà kí ó jẹ́ 1.9 ní àárín àtẹ̀gùn àti 1.8 ní ẹ̀gbẹ́ níbi tí òrùlé bá dà. Bí àtẹ̀gùn tuntun bá ṣeé gbé lé orí ti àtijọ́ gẹ́lẹ́, ẹ ti ríre. Bí kò bá ṣeé ṣe, inú yàrá kékeré kan ló máa gbà kọjá, ohun tẹ́ ẹ jèrè lókè á sì ti dín kù nísàlẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n fa ìlà rẹ̀ sórí ilẹ̀ pẹ̀lú téèpù alẹ̀mọ́ kí wọ́n tó lọ. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni.

"Ẹ kò nílò ìyọ̀ǹda kánsù" ni gbólóhùn tí wọ́n fẹ́ràn jù. Ó sábà máa ń jóòótọ́, òótọ́ tó ní ààlà ni ṣá. Permitted development, ìyẹn àyè tí òfin ti fún onílé tẹ́lẹ̀, gbà kí òrùlé ilé tó fara mọ́ra lọ́tùn-ún lósì fi mítà kúbíìkì 40 (gígùn ní ìlọ́po fífẹ̀ ní ìlọ́po gíga) tóbi sí i, kí ilé tó dá dúró tàbí tó fara mọ́ ẹyọ kan fi 50 tóbi sí i. Dormer (àpótí tó yọ jáde lára òrùlé, tó ní fèrèsé lójú) ẹ̀yìn ilé tó fẹ̀ mítà 5, tó jìn mítà 4, tó sì ga mítà 2.4, ìdajì àpótí ni nítorí ìdà òrùlé: 5 ní ìlọ́po 4 ní ìlọ́po 2.4, ká pín in sí méjì, ó jẹ́ 24. Kò dé ààlà. Àmọ́ ohunkóhun tí ẹnikẹ́ni ti fi kún òrùlé náà látẹ̀yìnwá wà nínú ìṣirò, títí kan ti ẹni tó tà á fún yín. Dormer kò gbọdọ̀ yọ sí iwájú tó kọjú sí títì, kò gbọdọ̀ ga ju góńgó òrùlé lọ, ó sì gbọ́dọ̀ jìnnà sí etí òrùlé ní ó kéré tán sẹ̀ǹtímítà 20, níbi tó bá ti ṣeé ṣe. Fèrèsé ẹ̀gbẹ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ dígí tí kò ṣeé rí inú rẹ̀, kó má sì ṣeé ṣí nísàlẹ̀ mítà 1.7 sí ilẹ̀ yàrá. Fúláàtì kò ní àyè yìí rárá, ilé tó wà ní conservation area, ìyẹn àdúgbò tí òfin ń dáàbò bo ìrísí rẹ̀, náà kò ní in.

Ẹ má fi ọ̀rọ̀ ẹnu parí eléyìí. Kí wọ́n gba lawful development certificate, ìwé tí kánsù fi ń jẹ́rìí pé iṣẹ́ náà bá òfin mu. Ìdajì owó ìwé ìyọ̀ǹda ni. Owó ìyọ̀ǹda fún ilé ẹyọ kan ní England gòkè sí pọ́ùn 528 ní April 2025, nítorí náà ìdajì rẹ̀ nígbà náà jẹ́ 264. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ ta ilé, lọ́yà olùrà máa béèrè rẹ̀, owó tó kéré gan-an ló sì jẹ́ lára gbogbo ìnáwó náà. Ilé-iṣẹ́ tó bá yọ ọ́ kúrò kí iye tí wọ́n pè lè dà bí owó pọ́ọ́kú, ẹ kíyè sí wọn.

Ti aládùúgbò ló ń fa ìdádúró jù. Bí irin ìdábùú bá máa wọ inú ògiri tí ẹ̀yin àti aládùúgbò jọ ni, Party Wall Act ọdún 1996 ní kí ẹ fún un ní ìwé ní oṣù méjì ṣáájú. Bí kò bá fèsì láàárín ọjọ́ 14, òfin kà á sí pé kò fara mọ́ ọn, ó sì di ti surveyor, amòye tí ń parí ọ̀rọ̀ ògiri àjọni: ẹyọ kan tí ẹ jọ yàn, tàbí kí kálukú yan tirẹ̀. Ẹni tó ń kọ́lé ló sábà máa ń sanwó méjèèjì. Bí ẹ bá ní aládùúgbò lọ́tùn-ún àti lósì, ó lè di ìlọ́po méjì. Kò sí nínú ọ̀pọ̀ ìwé owó tá a mọ̀. Ọjọ́ tí àwòrán bá ti jáde ni kí ẹ ti fi ìwé ránṣẹ́, kí ẹ sì kọ́kọ́ kan ilẹ̀kùn wọn pẹ̀lú àwòrán lọ́wọ́. Ẹni tí ìwé òfin bá bá lójijì ló máa ń lọ wá surveyor.

Ní ti ìwé owó fúnra rẹ̀, ojú ewé tó gbẹ̀yìn ni kí ẹ kọ́kọ́ kà, níbi tí wọ́n kọ ohun tí kò sí nínú rẹ̀ sí. Ọ̀rọ̀ VAT ló ń dun ènìyàn jù. Bí ìwé bá ní pọ́ùn 55,000 tí lẹ́tà wínníwínní ìsàlẹ̀ sì ní "VAT kò sí níbẹ̀", 66,000 lẹ ó san, nítorí ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún ni. Ilé-iṣẹ́ kejì tó pe 62,000 pẹ̀lú VAT ló dínwó, bó tilẹ̀ dà bíi pé òun ló gbówó lórí. Lẹ́yìn VAT, ohun tí wọ́n sábà máa ń yọ ni kíkun ọ̀dà, kápẹ́ẹ̀tì, ohun èlò balùwẹ̀ (wọ́n á so páìpù, ẹ̀yin lẹ ó ra àwo ìfọwọ́ àti ṣáwà), bọ́ílà tuntun, pátákó iná tuntun, àti owó building control, ìyẹn àwọn tí ń ṣàyẹ̀wò bóyá iṣẹ́ bá òfin ilé kíkọ́ mu.

Ọ̀rọ̀ "provisional sum" náà wà níbẹ̀: iye tí wọ́n fi dí àlàfo fún ohun tí wọn kò tíì mọ iye rẹ̀. Kò burú bí ó bá jẹ́ ẹyọ kan, bóyá fún táìlì tí ẹ kò tíì yàn. Bí irin bá wà lára rẹ̀, a jẹ́ pé ẹnjiníà kò tíì ṣiṣẹ́, iye tí wọ́n ní kò ní yí padà á sì yí. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro: ìṣirò ló ń sọ bóyá irin méjì tó tàbí mẹ́ta, bí wọ́n ṣe wúwo tó, bóyá a ní láti já wọn sí méjì kí a sì fi bóòtù so wọ́n pọ̀ kí wọ́n lè gba àárín òrùlé wọlé, àti bóyá ibi tí orí irin máa jókòó nínú ògiri bọ́ sí ojú ihò èéfín. Irin kò lè jókòó lórí ihò èéfín. Eléyìí nìkan ti yí àwòrán ilé púpọ̀ padà.

Ìdáàbòbò lọ́wọ́ ìjàǹbá iná ni àfikún owó tó tóbi jù tí a kò fẹ́ sọ lọ́jọ́ ìbẹ̀wò. Ilé alájà méjì tí òkè àjà rẹ̀ di yàrá ti di alájà mẹ́ta. Nígbà tí ilẹ̀ yàrá bá ga ju mítà 4.5 sí ilẹ̀ ìta, òfin kò ní kí ẹ máa gba ojú fèrèsé sá jáde mọ́. Àtẹ̀gùn ni ọ̀nà, ògiri tó yí i ká sì gbọ́dọ̀ lè dènà iná fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, láti òkè títí dé ẹnu ọ̀nà àbájáde. Èyí túmọ̀ sí pé ilẹ̀kùn gbogbo yàrá tó ṣí sí àtẹ̀gùn, nísàlẹ̀, ní àárín àti lókè, máa di ilẹ̀kùn tí ń dènà iná. Ẹ ka ti ilé yín: mẹ́fà, méje, mẹ́jọ. Ilẹ̀kùn wọ̀nyí wúwo, férémù àtijọ́ kì í sábà gbà wọ́n, káfíńtà sì lè lo odindi ọjọ́ kan lórí méjì. Ẹ̀rọ akéèfín tó gba iná mànàmáná, tó so pọ̀ kí gbogbo wọn lè dún lẹ́ẹ̀kan náà, gbọ́dọ̀ wà ní àjà kọ̀ọ̀kan.

Ó tún burú sí i fún ilé tí wọ́n ti wó ògiri ìsàlẹ̀ rẹ̀, tí àtẹ̀gùn ń sọ̀ kalẹ̀ tààrà sínú pálọ̀. Níbẹ̀ ẹ ní láti tún ògiri mọ, tàbí kí ẹ ra ẹ̀rọ tí ń tú omi bíi ìkúùkù sórí iná. Bí ẹni tí ilé-iṣẹ́ rán wá bá gba pálọ̀ yín kọjá tí kò sì sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, ẹ bi í. Ìdáhùn rẹ̀ á jẹ́ kí ẹ mọ bóyá ó ti bá building control ṣiṣẹ́ rí.

Ibi tí iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ láìpariwo ni inú òrùlé. Bí wọ́n bá rọ fóòmù kún àárín igi òrùlé títí ó fi kan aṣọ dúdú àtijọ́ tó wà lábẹ́ táìlì, afẹ́fẹ́ kò ráyè mọ́. Èémí ènìyàn àti ooru balùwẹ̀ á gòkè, á kan ibi tútù, igi á sì máa làágùn. Lẹ́yìn òtútù méjì tàbí mẹ́ta, ẹ ó rí àbàwọ́n lára pílásítà. Ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ti ju àbàwọ́n lọ. Mìlímítà 50 ni àyè afẹ́fẹ́ tó yẹ kó wà lókè fóòmù nínú irú òrùlé yẹn. Bí igi òrùlé bá jẹ́ 100, fóòmù 50 péré ló lè wọ àárín rẹ̀, èyí tó kù gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ igi, a sì ti rí ohun tí ìyẹn ń ṣe sí gíga yàrá. Nítorí náà ni òṣìṣẹ́ tó ń kánjú fi ń rọ ọ́ kún. Ẹ ya fọ́tò gbogbo àlàfo igi kí wọ́n tó fi pátákó bò ó. Láàárín igi ilẹ̀, owú òkúta 100 ni kí ẹ béèrè, kí ìrìn ẹni tó wà lókè má baà máa dún lórí ẹni tó ń sùn nísàlẹ̀.

Balùwẹ̀ lókè rọrùn bí ó bá wà lórí balùwẹ̀ ìsàlẹ̀, nítorí páìpù ìgbẹ́ tó fẹ̀ mìlímítà 110 nílò ìdà, igi ilẹ̀ kì í sì í fún un láyè láti gba àárín wọn kọjá. Ilé-iṣẹ́ tó bá fi ẹ̀rọ tí ń lọ ìgbẹ́ kúnná yanjú rẹ̀ ti gbé ìṣòro fún yín, kò yanjú rẹ̀. Bí táńkì omi bá wà lókè àjà, ó ní láti kúrò. Ẹ béèrè ibi tó ń lọ àti ẹni tó ń sanwó rẹ̀.

Ní ti sísan owó: ẹ má san ju ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún lọ ṣáájú, kí ìyókù sì tẹ̀lé iṣẹ́ tí ojú rí, kì í ṣe ọjọ́ orí kàlẹ́ńdà. Nígbà tí irin àti igi ilẹ̀ bá ti wọlé tí building control sì ti wò ó. Nígbà tí òjò kò bá wọlé mọ́. Nígbà tí pílásítà bá gbẹ. Ẹ mú ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún dání títí ìwé àṣeparí building control á fi dé ọwọ́ yín, nítorí láìsí ìwé yẹn, lójú olùrà, òkè àjà lásán ni, kì í ṣe yàrá. Ilé-iṣẹ́ tó bá ní "a kì í ṣe bẹ́ẹ̀" ti jẹ́ kẹ́ ẹ mọ irú ẹni tí òun jẹ́. Kí ẹ tún yà ìdá 10 sí 15 nínú ọgọ́rùn-ún sọ́tọ̀ lórí gbogbo rẹ̀, nínú àkáǹtì yín, láìjẹ́ kí wọ́n mọ̀. Ẹ sọ fún ilé-iṣẹ́ adójútòfò tó ń mójú tó ilé yín kí wọ́n tó ṣí òrùlé. Ọ̀pọ̀ ìwé adójútòfò kì í bo ilé tí òrùlé rẹ̀ ṣí sílẹ̀ fún iṣẹ́.

Ta ni iṣẹ́ "a ó ṣe gbogbo rẹ̀" wá yẹ? Ilé tó fara mọ́ra, tí òrùlé rẹ̀ jẹ́ ti káfíńtà, tí ẹ fẹ́ dormer ẹ̀yìn ilé tó wọ́pọ̀. Wọ́n ti ṣe irú rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, wọ́n mọ ibi tí irin ń gbà, wọ́n á sì parí rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ 8 sí 12. Fún òrùlé W, ilé tó wà ní conservation area, tàbí ilé tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti ṣí sílẹ̀ gbayawu, ẹ san owó ayàwòrán ilé àti ẹnjiníà tiyín lọ́tọ̀, kí ẹ mú àwòrán kan náà fún agbaṣẹ́ṣe mẹ́ta. Ó máa gbà yín ní oṣù méjì sí i. Àmọ́ ohun kan náà ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á máa pe iye fún, nígbà yẹn lẹ sì tó lè fi ìwé mẹ́ta síbi kan kí ẹ mọ èyí tó wọ́n.

Àwọn tí ń ta àwòrán nìkan lórí íntánẹ́ẹ̀tì náà wà. Owó wọn kéré, àwòrán wọn sì máa ń tó fún kánsù. Kò tó fún ẹni tó ń kọ́lé: kò sí ìṣirò irin, kò sí bí fóòmù ṣe máa jókòó, ẹlòmíràn sì máa ní láti yà á lẹ́ẹ̀kejì. Kí ẹ tó san kọ́bọ̀ fún wọn, ẹ béèrè bóyá àwòrán building control wà nínú rẹ̀ àbí ti kánsù nìkan.